Bàálù Olówó Pọ́ọ́kú Láti Lọ́ńdọ̀nù Sí New York: Ohun Tí Owó Yín Rà Àti Ohun Tí Kò Rà

Ẹni tó bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York máa rí iye kan lókè pátápátá tó kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Iye yẹn kì í ṣe irọ́. Ìjókòó nìkan ni wọ́n fi ń tà á, pẹ̀lú àpò kékeré kan tó lè wọ abẹ́ ìjókòó tó wà níwájú yín. Oúnjẹ, ẹrù, yíyan ìjókòó, kálukú ló ní iye tirẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé kì í ṣe ebi tàbí ẹsẹ̀ tó há ni ìṣòro irú bàálù yìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò pọ̀. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ láàárọ̀, kò sí òmíràn nílẹ̀ tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn kó tó sanwó, ó lè jẹ àǹfààní owó pọ́ọ́kú náà dáadáa.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dán òwò yìí wò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni Freddie Laker, oníṣòwò bàálù ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò tó pè ní Skytrain láti Gatwick, ọ̀kan lára àwọn pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, sí New York ní £59 fún àlọ nìkan. Kò sí pé à ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà náà, ńṣe làwọn èèyàn ń tò lọ́jọ́ ìrìnàjò gan-an. Ó kógbá sílé ní oṣù kejì ọdún 1982. Ilé-iṣẹ́ bàálù Norwegian bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà jíjìn ní 2013, ó sì kéde ní oṣù kìíní 2021 pé òun ti fi í sílẹ̀. Primera Air ṣubú ní oṣù kẹwàá 2018, WOW air ti Iceland ṣubú ní oṣù kẹta 2019. Norse Atlantic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021, kó lára àwọn Boeing 787 tí Norwegian ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Gatwick lọ sí JFK, pápákọ̀ kan ní New York, ní oṣù kẹjọ 2022. Irú wọn wà níbòmíì pẹ̀lú: ní Paris, French Bee ń lo Airbus A350 láti pápákọ̀ Orly. Scoot wà ní Singapore, ZIPAIR wà ní Tokyo.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣubú tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú tó ń fò láàárín Yúróòpù ń jèrè nítorí pé ó ń fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù sí New York ń gba wákàtí méje sí mẹ́jọ. Ọkọ̀ kan kò lè ju àlọ àti àbọ̀ kan lọ lóòjọ́. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń ra epo bàálù, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó padà. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti lè dín owó kù kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n to ìjókòó púpọ̀ sínú ọkọ̀, kí wọ́n máa ta ohun gbogbo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì ní ọkọ̀ tó jókòó lásán. Ẹ̀kẹta yẹn ló máa ń já lé èrò lórí.

Ìṣirò kí ẹ tó sanwó

Ká sọ pé àlọ nìkan jẹ́ £160. Ẹ fi £65 kún un fún ẹrù kan tó wọn kílò 23, £25 fún oúnjẹ, £30 fún ìjókòó tí ẹ fúnra yín yàn. Ó ti di £280. Mo kàn fi àwọn iye yìí ṣe àpẹẹrẹ ni, torí wọ́n ń yí padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kí ẹ máa rò ó nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo tíkẹ́ẹ̀tì British Airways tó kéré jù lọ́jọ́ kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn tí kò ní ẹrù abẹ́ ọkọ̀ ṣì ní oúnjẹ nínú, ó sì ní àpò ọwọ́ tó lè wọn tó kílò 23. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá ti ṣírò tán, £20 péré ló máa wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní tèmi, tí ìyàtọ̀ bá ti dín ní £60, mi ò ní mú olówó pọ́ọ́kú, nítorí ohun tí mo máa sọ nípa ìdádúró nísàlẹ̀.

Ẹrù tí ẹ bá rà pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń dínwó jù. Tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ́n sí i. Ní kóńtà pápákọ̀ ó tún ga. Lẹ́nu géètì gan-an, nígbà tí ẹ kò ní ibi tí ẹ máa gbé e sí mọ́, ni wọ́n ti ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ èrò.

Owó kan wà tó jẹ́ ti ìjọba, tí ilé-iṣẹ́ bàálù kò lè yọ kúrò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí ẹnikẹ́ni tó bá gbéra láti UK. Fún ibi tó jìn tó Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin 2026, ó jẹ́ £102 fún ìjókòó tó kéré jù, £244 fún kílàásì tó bá ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí iye ìjókòó gbalasa iwájú fi máa ń fò sókè lójijì nígbà tí ẹ bá ń lọ, tí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà àbọ̀: kò sí owó orí yìí lórí ẹni tó ń gbéra láti New York. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 tó jókòó ní kílàásì tó kéré jù kò gbọdọ̀ san án rárá, nítorí náà ẹ fojú sí rìsíìtì bóyá wọ́n yọ ọ́. Tí ẹ kò bá sì lè rìnrìnàjò náà mọ́, bí wọn kò tilẹ̀ ní dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, ẹ lè béèrè owó orí yìí. Àwọn kan máa yọ owó iṣẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá kù, tiyín ni.

Bí ẹ ṣe ń sanwó ṣe pàtàkì

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1974 lórí rírà àwìn ní abala 75. Ó sọ pé tí ẹ bá fi káàdì àwìn ra ohun tí iye rẹ̀ ju £100 lọ, tí kò sì kọjá £30,000, báǹkì tó fún yín ní káàdì náà gbọ́dọ̀ dá owó yín padà tí òǹtajà bá kógbá sílé. Ẹ wo ibi tí wàhálà wà: tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ £95 kò wọ abẹ́ òfin yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀, kálukú £90, tí òfin yìí kò wá bo ìkankan nínú méjèèjì. Tí ẹ bá rà wọ́n pọ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, iye rẹ̀ ju £100 lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fi káàdì báǹkì lásán sanwó ṣì lè ní kí báǹkì gba owó náà padà fún òun, àmọ́ ìlànà àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì nìyẹn, kì í ṣe òfin.

Ẹ ra á lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìmélì alágbàtà ni wọ́n máa fi ìkéde ránṣẹ́ sí tí àkókò bá yí padà, ọ̀dọ̀ alágbàtà náà ni owó tí wọ́n bá dá padà máa kọ́kọ́ dé, abala 75 sì lè má ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí alágbàtà ni ẹ san owó fún.

Nípa orúkọ: orúkọ wa máa ń gùn, ibẹ̀ sì ni èrò ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ ìdílé ní àyè tirẹ̀, gbogbo orúkọ yòókù ní àyè tiwọn. Tí pásípọ́ọ̀tù bá ní Oluwafunmilayo, ẹ má kọ Funmi. Kò sí àmì ohùn nínú rẹ̀. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wá so orúkọ kejì àti ìkẹta pọ̀ láìsí àlàfo, tó tún so MRS mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ má fòyà, bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ní orúkọ ilé bàbá, orúkọ ilé bàbá náà ni kó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ ṣe é kíákíá: òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń fò wọ ibẹ̀ tàbí kúrò níbẹ̀ jẹ́ kí ẹ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà tààrà lọ́wọ́ wọn láàárín wákàtí 24 láìgba kọ́bọ̀, tó bá ti ku ọjọ́ méje ó kéré tán kí ọkọ̀ gbéra, àyàfi bí wọ́n bá ti yàn láti bá yín tọ́jú iye náà fún wákàtí 24 kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ni wọ́n fi ń tún orúkọ ṣe.

Ẹrù àti ìwé

Kílò 23 ni ẹrù kan. Tí ẹ bá ń ti Peckham ru èlùbọ́ àti gàrí lọ fún àwọn èèyàn yín ní Maryland tàbí Houston, ẹ ra ìwọ̀n ọwọ́, kí ẹ gbé àpò náà kọ́ nílé, kí ẹ sì fi kílò kan sílẹ̀, nítorí ìwọ̀n yín àti ìwọ̀n kóńtà lè má bára mu. Àpò tó bá ti ju kílò 32 lọ, wọn kì í sábà gbà á rárá, ó di dandan kí ẹ pín in, nítorí àwọn tó ń gbé e kò gbọdọ̀ gbé jù bẹ́ẹ̀. Pọ̀nmọ́, kílíṣí àti ẹran gbígbẹ ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà máa ń gbà kúrò lọ́wọ́ èrò. Ẹja gbígbẹ kì í sábà ní wàhálà. Ẹ sọ gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín fún wọn. Ohun tí ẹ sọ tí wọn kò fẹ́, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín, ó tán. Èyí tí ẹ kò sọ ló ń fa owó ìtanràn.

Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, bó tilẹ̀ ti ṣe gbogbo ètò lórí fóònù, kó má lọ tààrà sí ibi àyẹ̀wò. Amẹ́ríkà máa ń bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wá, nítorí náà òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ fojú rí físà tàbí káàdì ìgbé-ìlú yín. Tí ẹ bá dé géètì láìṣe èyí, wọ́n máa pe orúkọ yín, ìlà yóò sì ti gùn. Ní Gatwick, ẹ lọ sí kóńtà wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ti kóńtà ní ìṣẹ́jú 60 sí àkókò ìgbéra, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò sì ní agbára láti tún un ṣí.

Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Àwọn èèyàn ń ra Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n wá ń ra Lọ́ńdọ̀nù sí New York lọ́dọ̀ olówó pọ́ọ́kú, torí pé àròpọ̀ rẹ̀ dínwó. Àdéhùn méjì tí kò mọ ara wọn ni ẹ ṣe yẹn. Wọn kò ní fi ẹrù yín ránṣẹ́ láti ọkọ̀ kìíní sí ìkejì. Ẹ gbọ́dọ̀ wọlé sí UK, kí ẹ kó ẹrù, kí ẹ tún lọ tò ní kóńtà tuntun. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ físà UK ti wọ̀ ọ́. Ìlànà kan wà tó lè jẹ́ kí ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà gba ibẹ̀ kọjá láìní físà UK, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè ló ń pinnu, òṣìṣẹ́ kóńtà ní Èkó sì lè kọ̀ láti gbé yín tí kò bá dá a lójú. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó sanwó fún ìkankan.

Ẹ wo pápákọ̀ pẹ̀lú. Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní oṣù kẹta 2024, ṣùgbọ́n Heathrow ni British Airways àti Virgin Atlantic ń bà sí. Láti Heathrow sí Gatwick, bọ́ọ̀sì máa lo ju wákàtí kan lọ nígbà tí ọ̀nà bá dára, òpópónà M25 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dára.

Tí ọkọ̀ Èkó bá pẹ́, tí ẹ pàdánù ti New York, ilé-iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní nǹkan kan. Lójú tiwọn, ẹ kò wá ni. Ohun tó tún burú jù ni pé tí àlọ àti àbọ̀ bá wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n lè fagi lé àbọ̀ náà torí pé ẹ kò lo àlọ. Nítorí náà, wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tó láàárín méjèèjì. Ẹ sun Lọ́ńdọ̀nù di ọjọ́ kejì. Tí iye hòtẹ́ẹ̀lì tàbí wàhálà ilé ẹbí bá wá jẹ èrè tó wà níbẹ̀ tán, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé New York.

Nínú ọkọ̀

Boeing 787 dára fún ara. Wọ́n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bíi ti orí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń tó 8,000. Ẹ̀fọ́rí àti ọ̀fun gbígbẹ ń dínkù. Ìjókòó mẹ́sàn-án ló wà lórí ìlà kan, mẹ́ta-mẹ́ta. Fèrèsé kò ní aṣọ, bọ́tìnnì ni ẹ máa tẹ̀ kó ṣókùnkùn. Ẹ yẹra fún ìlà tó kẹ́yìn, nítorí pé ó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì lè má tẹ̀ sẹ́yìn.

Otútù máa ń mú níbẹ̀, wọ́n sì ń ta kúbùsù, nítorí náà ẹ mú ìborùn àti ìbọ̀sẹ̀ dání. Ẹ mú ohun ìgbọ́rọ̀ etí tó ní wáyà, èyí tí kò ní wáyà lè má bá tẹlifíṣọ̀n iwájú yín ṣiṣẹ́. Ẹ mú ike omi òfìfo, kí ẹ pọn omi sí i lẹ́yìn àyẹ̀wò. Oúnjẹ gbígbóná, ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò ni ẹ ti gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà lórí ọkọ̀ kì í pọ̀, ó sì lè tán kó tó kan ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó ọwọ́. Ẹ̀rọ káàdì inú ọkọ̀ sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kàn ń kó iye náà jọ títí wọ́n á fi balẹ̀ ni. Káàdì tó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ báǹkì lójú ẹsẹ̀, pàápàá káàdì tí ẹ ń rọ owó sí, lè kọ̀ bí owó tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ mú káàdì méjì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá pẹ́

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ẹ ṣí Flightradar24, ìkànnì tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, láàárọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára bàálù náà tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ láti rí ibi tó wà nísinsìnyí. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tó máa gbé yín ní aago kan ọ̀sán ṣì wà nílẹ̀ ní JFK, ẹ ti mọ̀ nìyẹn kí wọ́n tó kéde. Síbẹ̀, ẹ lọ sí kóńtà lásìkò, àyàfi tí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ má tètè wá.

Àpẹẹrẹ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ wà ní 2018. Àwọn abẹ́ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì Rolls-Royce Trent 1000 tó wà lára àwọn 787 kan ń tètè gbó ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n sì ní láti máa yọ ẹ́ńjìnì kúrò fún àyẹ̀wò. Kárí ayé ni ẹ́ńjìnì àfirọ́pò ti wọ́n. Norwegian háyà ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì, títí kan Airbus A380 ti ilé-iṣẹ́ Hi Fly tó ń gbé èrò Gatwick sí New York ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọkọ̀ tí wọ́n háyà kì í ní ìjókòó tí ẹ yàn. Tí ẹ bá sanwó kílàásì iwájú, tí wọ́n wá fi yín sí ẹ̀yìn, òfin ní kí wọ́n dá ìpín 75 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì apá ìrìnàjò yẹn padà láàárín ọjọ́ méje, lórí ìrìnàjò tó ju kìlómítà 3,500 lọ.

Òfin UK261, tó dá lórí ẹ̀tọ́ èrò bàálù, bo gbogbo ọkọ̀ tó gbéra láti UK, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Tí ẹ bá ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, ó bo kìkì ilé-iṣẹ́ UK tàbí ti Yúróòpù. Tí ìdádúró bá ti ń lọ sí wákàtí mẹ́rin, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní oúnjẹ àti omi. Tó bá di ọjọ́ kejì, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ. Tí òṣìṣẹ́ kò bá sí nítòsí, ẹ ra èyí tó mọ níwọ̀n, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tí ẹ bá dé New York ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn àkókò, owó gbà-máà-bínú jẹ́ £260. Tó bá ju mẹ́rin lọ, £520 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí tíkẹ́ẹ̀tì yín tilẹ̀ jẹ́ £160. Ìjì, tàbí ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú, kì í mú wọn san án. Àmọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ lásán kò yọ wọ́n: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2014 nínú ẹjọ́ tó wà láàárín èrò kan, Huzar, àti ilé-iṣẹ́ bàálù Jet2.

Tí wọ́n bá fagi lé ìrìnàjò, ẹ má tètè tẹ ibi tí áàpù ti kọ ọ́ pé ẹ gba owó yín padà. Tí ẹ bá ti gba owó, ọ̀ràn hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti ọ̀nà míì láti dé New York ti di tiyín, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kejì sì lè jẹ́ £600. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé yín débẹ̀ ní kíákíá. Irú ilé-iṣẹ́ yìí kì í sábà ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí náà wọ́n lè ní ọkọ̀ tàwọn lọ́jọ́ kẹta nìkan ló wà. Ẹ fèsì pé ojúṣe láti gbé yín débẹ̀ lè kan ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú, kí ẹ sì dárúkọ èyí tó ní àyè. Ẹ béèrè ìdáhùn wọn ní kíkọ, tàbí kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín.

Fún owó gbà-máà-bínú, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin owó náà. Nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ gbogbo èrò, àti àkókò tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní JFK ni ẹ nílò. Àkókò ìṣílẹ̀kùn ni òfin ń kà, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀, nítorí náà ẹ wo aago nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ìdáhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà tí ilé-iṣẹ́ náà wà lábẹ́ wọn, tí kò bá sì sí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ CAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní UK. Ọdún mẹ́fà lẹ ní láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní England, márùn-ún ní Scotland.